Èmi Nìkan Ló Kù Nínú Báǹdì Àkúdàáyà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́nu iṣẹ́ orin tí mò ń ṣe yìí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń yún mi lẹ́nu láti sọ. Ó gùn díẹ̀ o. Ẹni tí kò bá ráyè báyìí lè fi pa mọ́ di ìgbà tó bá fẹ́ jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ lé mi níbí, Bísí lorúkọ mi. Union City ni mò ń gbé, ní ìsàlẹ̀ Atlanta, warehouse kan níbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, morning shift. Iṣẹ́ tó ń san bills nìyẹn. Iṣẹ́ tó wà lọ́kàn mi ni orin. Bàásì ni mò ń ta, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn bíi jìtá o. Èyí tí wọ́n fi igi ṣe ni, tó ga jù mí lọ, tí èèyàn máa ń dúró gbá mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ bá a jó. Nígbà tí Mummy mi kọ́kọ́ rí mi tí mo gbé e wọlé nínú àpò dúdú rẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Bísí, pósí ta lo gbé wá sílé mi?"

Irú orin tí a ń kọ ni wọ́n ń pè ní psychobilly. Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí? Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbọ́ ọ rí. Orin jìtá àtijọ́ tí àwọn ará oko ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń jó sí ni, tí àwọn ọ̀dọ́ wá fi ariwo àti eré sísá kún un. Òkú tó jí, ilé tí iwin ń gbé, irú ọ̀rọ̀ tó máa ń wà nínú fíìmù adẹ́rùbani, òun ló ń wà nínú rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. A ó kun ojú ní funfun àti dúdú, a ó gbórí ìtàgé, àwọn èèyàn á máa fò sókè. Bàásì mi ni òpó orin náà. Mi ò kàn ń fa okùn rẹ̀, mò ń gbá a pẹ̀lú, kó máa dún bí ẹṣin tó ń sáré lórí pákó.

Báwo ni ọmọ Ìbàdàn ṣe dé ìdí irú orin yìí?

Mummy ló kọ́kọ́ dé Atlanta, wọ́n fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá wọn, Màmá Àgbà. Màmá ló tọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí Mummy ránṣẹ́ pè mí wá sí Fayetteville, lẹ́bàá Atlanta, níbi tí wọ́n ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ní school tí mo lọ níbẹ̀, wọ́n ní kí kálukú yan ohun èlò orin. Kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ, gbogbo rẹ̀ ti tán, ó wá ku bàásì ńlá tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ máa gbé kiri. Bí àwa méjèèjì ṣe pàdé nìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Cody, ọmọ òyìnbó kan tó ń ta jìtá bí ẹni tí wọ́n ń lé, àti Denise, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń lu drum ní ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀. Àwa mẹ́ta la dá báǹdì sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí à ń wá orúkọ, mo sọ fún wọn ìtàn kan tí Màmá Àgbà máa ń sọ. Mo ní nílẹ̀ wa, ẹnìkan lè kú síbì kan, kó tún lọ máa gbé ní ìlú mìíràn tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, kó máa tajà, kó gbéyàwó, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á fi pàdé rẹ̀ lójijì, tí yóò sì pòórá. Àkúdàáyà nìyẹn. Cody la ẹnu sílẹ̀. Ó ní orúkọ wa ti dé. Àwọn ará Amẹ́ríkà ò lè pè é dáadáa títí dòní, ṣùgbọ́n orúkọ wa náà nìyẹn.

Ẹ wò ó, a gbádùn ara wa. A ra van àlòkù kan, a sì ń gbé e kiri Alabama, Tennessee, Carolina méjèèjì. A máa ń jiyàn lórí ohun gbogbo, ibi tí a ti máa jẹun, ta ló ń hanrun jù. Bí Màmá Àgbà bá pè mí láti Ìbàdàn, màá gbé fóònù sórí speaker, wọn á ní, "Kódì, ṣé o ti jẹun?" Cody á fi Yorùbá tí mo kọ́ ọ dáhùn pé òun ti jẹun, Mà, ohùn rẹ̀ á wọ́ bí ẹni tí ẹ̀gún há sí lọ́nà ọ̀fun. Màmá á rẹ́rìn-ín títí wọn á fi máa wúkọ́.

Denise ló kọ́kọ́ lọ. Ó lóyún, ọkọ rẹ̀ rí iṣẹ́ ní Texas, wọ́n kó lọ. A dì mọ́ra ní parking lot, a ní a ó máa pe ara wa lójoojúmọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣe ń parí.

Lẹ́yìn rẹ̀, onílù ń wá, onílù ń lọ. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bí kò bá sùn, ó ń bínú. Òmíràn bá ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní Alabama, kò padà sínú van mọ́.

Lẹ́yìn náà ni Cody wá lọ. Èyí dùn mí. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ, ó sì rí iṣẹ́ káfíńtà níbi tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù lẹ́bàá Fayetteville, iṣẹ́ gidi tó ní insurance. Ó pè mí jáde ká jọ jẹun, kò sì jẹ nǹkan kan. Ó ní òun ò lè gbé ojú ọ̀nà mọ́. Ó ní kí n mú orúkọ báǹdì, nítorí èmi ni mo mú un wá láti ilé. Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn? Mo ní kò burú. Ṣé ó burú tàbí kò burú, èmi àti ilẹ̀kùn van tí mo gbá pa ló mọ̀.

Mo rí àwọn mìíràn. Tyler gba ipò jìtá, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Marisol gba ìdí drum. Mexico ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Buford ni ó dàgbà sí. Àwọn méjèèjì mọṣẹ́. Kí n sòótọ́, wọ́n mọ̀ ọ́n ju èmi àti àwọn ará àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti wọnú van, kálukú á ki nǹkan bọ etí, ó parí nìyẹn. Bí mo bá nawọ́ sí exit kan, tí mo ní ibẹ̀ yẹn ni ajá lé Denise lọ́jọ́ kan, Tyler á mi orí. Ìtàn mi á já bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbé e. Pẹ̀lú ta ni mo fẹ́ rántí rẹ̀?

Ọkùnrin kan wá bá mi lẹ́yìn eré ní Birmingham, ó wọ T-shirt wa àtijọ́. Ó ní a ṣì ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó dára jù nígbà tó jẹ́ àwọn ojúlówó ọmọ báǹdì ló wà níbẹ̀. Èmi ló ń sọ ọ́ fún o. Èmi tí mo wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Níbẹ̀, bí mo bá ní orin ni mò ń kọ, àwọn Aunty á yọ̀, wọ́n á ní, "Ṣé choir ni?" Bí mo bá ṣàlàyé, ojú wọn á yí padà, wọ́n á ní àwọn ń gbàdúrà fún mi. Níbi eré wa, èmi nìkan ni obìnrin dúdú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi nìkan ni eléré àwọn òkú. Ibi méjèèjì ni wọ́n ti mọ̀ mí, àmọ́ ìdajì mi ni wọ́n mọ̀.

Bó ṣe wà nìyẹn kó tó di ọjọ́ Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí.

Knoxville là ń lọ, níbi tí àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́ ti máa ń kó mọ́tò wọn jáde sí pápá kan, kí báǹdì máa ṣeré fún wọn lọ́sàn-án gangan. A dúró ní gas station láàárọ̀. Tyler ń ra kọfí, Marisol wà ní rest room. Fóònù mi dún, Mummy ni.

Wọ́n ní, "Bísí, ṣé o jókòó?"

Mo ti mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìyẹn lọ́wọ́ èèyàn láti sọ ọ̀rọ̀ ayọ̀.

Wọ́n ní, "Màmá ti lọ. Wọ́n sùn lálẹ́ àná, wọn ò jí. Ara wọn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n kàn sùn ni." Ohùn Mummy kéré bí ohùn ọmọdé. Mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yí padà máa bọ̀ nílé. Wọ́n ní rárá, àwọn èèyàn ti ń dé bá wọn, kí n parí iṣẹ́ mi. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn lẹ́yìn tí fóònù já ni pé Màmá nìkan ló ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Mummy ń pè mí ní Bísí. Níbi iṣẹ́, Bizi ni mò ń jẹ́. Nínú báǹdì, Bee ni. Àbẹ̀kẹ́ ti bá wọn lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Mo sọ fún àwọn méjèèjì nínú van pé ìyá ìyá mi ti kú. Tyler yọ nǹkan etí rẹ̀, ó ní ó dun òun, ó bi mí bóyá ká fagi lé eré. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ ká lọ. Ó ní ṣé ó dá mi lójú? Mo ní ó dá mi lójú. Ó rọra ki nǹkan etí rẹ̀ padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti ṣe yín rí? Kí ẹ ní kò sí nǹkan, kí ẹ sì máa retí pé ẹnìkan á bá yín jiyàn? Cody ì bá ti bá mi jiyàn. Denise ì bá ti yí ọkọ̀ padà láìbéèrè.

A dé ibẹ̀, oòrùn ń ràn, mọ́tò pupa, mọ́tò búlúù, gbogbo wọn ń dán. A kun ojú, a bẹ̀rẹ̀ eré. Orin mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Orin kan wà tí èmi àti Cody jọ kọ, tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù. Ìyá arúgbó kan ni wọ́n sin láìwọ bàtà fún un, ó wá jí, ó ń ti ilé dé ilé béèrè bàtà rẹ̀. Marisol á kan igi ìlù, kó-kó-kó, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, gbogbo èrò á máa fẹsẹ̀ janlẹ̀, èmi á wá kọrin pé kí ìyá padà lọ sùn, ilẹ̀ ò tíì mọ́.

Marisol kan ilẹ̀kùn. Àwọn èèyàn janlẹ̀. Mo la ẹnu, mi ò rí orin kankan níbẹ̀. Ọwọ́ mi dúró lórí okùn. Bí bàásì bá dákẹ́ nínú irú orin yìí, ó dà bí ìgbà tí wọ́n yọ òpó ilé. Tyler wò mí, ó ń ta jìtá kíkankíkan láti fi bo ihò náà. Àwọn èèyàn rò pé ara eré ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo rọra tẹ́ bàásì sílẹ̀, mo bá ẹ̀yìn ìtàgé jáde.

Mo jókòó sílẹ̀ láàárín trailer méjì, pẹ̀lú ojú tí mo kùn bí òkú. Mo pe Cody. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Bee, ọjọ́ kan pẹ̀lú!" Mo ń gbọ́ ariwo ọmọdé. Ó ní òun wà níbi tí ọmọ òun ti ń gbá bọ́ọ̀lù, òun máa pè mí padà láìpẹ́. Mo ní kò sí wàhálà. Mo tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Denise. Ìdáhùn dé kíákíá, pé ta nìyí? Nọ́ńbà náà ti di ti ẹlòmíràn, èmi ni mi ò mọ̀.

Mo wá jókòó síbẹ̀. Mò ń gbọ́ báǹdì mi tó ń ṣeré lọ láìsí mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohùn yẹn fún yín.

Cody pè mí lóòótọ́, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó gbọ́, ó ní, "Màmá tó máa ń béèrè bóyá mo ti jẹun?" Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìgbésí ayé rẹ̀ ló ti gba ibòmíràn.

Ọjọ́ kejì eré Knoxville yẹn, Sunday, mo wà nílé Mummy ní Fayetteville. Ilé ti kún. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbé cooler ìrẹsì wá, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń kí wa kú ara fẹ́ra kù. Aunty Ṣadé, ọ̀rẹ́ Mummy, dì mọ́ mi, wọ́n wá rọra bi mí létí pé, "Ṣé o ò tíì fi orin àwọn abàmì yẹn sílẹ̀?" Mo rí i pé ìfẹ́ ni wọ́n fi béèrè. Ṣùgbọ́n mo jáde lọ sí garage, mo bá bàásì mi jókòó níbẹ̀.

Kò pẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Mummy ni. Wọ́n dojú ike kan délẹ̀, wọ́n jókòó lé e pẹ̀lú aṣọ dúdú wọn. Wọ́n ní kí n ta nǹkan kan fún àwọn.

Látìgbà tí mo ti ń ta bàásì, Mummy ò ní kí n ta á fún àwọn rí. Mo ta orin ìyá arúgbó yẹn, mo rọra ta á ni, láìgbá a. Wọ́n ní kí ni ó ń sọ? Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ bó ṣe rí, pé wọ́n sin ìyá kan láìwọ bàtà fún un, ó wá jí wá wá a kiri.

Mummy tẹjú mọ́ bàásì náà. Mo ní lọ́kàn mi pé mo ti dá wàhálà sílẹ̀ nìyí.

Wọ́n wá ní, "Ìyá mi? Bàtà kọ́ ni wọ́n máa torí ẹ̀ jí o. Awò ojú wọn ni. Wọ́n á ti kan ilé mẹ́ta kí wọ́n tó rántí pé orí wọn ló wà."

Ẹ̀rín pa wá. A rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín yẹn sì di ẹkún, a jọ sun ún níbẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni tó ní ká dákẹ́.

Lẹ́yìn tí Mummy nu ojú wọn, wọ́n sọ ohun kan tí mi ò gbọ́ rí. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n dé Atlanta, kí n tó wá, inú mọ́tò ni wọ́n ti máa ń jẹun bí break bá tó. "Lunch room wà o. Ẹnikẹ́ni ò lé mi níbẹ̀. Mo kàn rò pé wọn ò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi. Àfìgbà tí nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Haiti, wá kan wíńdò mọ́tò mi lọ́jọ́ kan, ó ní òun náà ò fẹ́ dá jẹun."

Wọ́n wá bi mí pé, "Àwọn wo ló wà nínú mọ́tò yín báyìí?"

Mo ní Tyler àti Marisol.

"Kí lorúkọ ìyá wọn?"

Mi ò mọ̀.

Mummy wò mí. "Ìwọ àti èèyàn jọ ń jẹ, ẹ jọ ń rìn káàkiri Amẹ́ríkà, o ò mọ ìyá tó bí i?"

Wọn ò bínú. Ó kàn yà wọ́n lẹ́nu ni. Wọ́n dìde, wọ́n padà sọ́dọ̀ àwọn àlejò.

Nígbà tí a tún pàdé fún rehearsal, mo bẹ wọ́n pé kí wọ́n má bínú pé mo fi wọ́n sílẹ̀ lórí ìtàgé. Mo wá béèrè ìbéèrè Mummy. Tyler rẹ́rìn-ín ìtìjú, ó ní Linda ni, Macon ló wà, àwọn ò tíì bára àwọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì fipá wádìí.

Marisol fa fóònù rẹ̀ yọ, ó fi fọ́tò hàn mí. Guadalupe lorúkọ ìyá rẹ̀, ó ń tajà ní mall tó wà ní Buford. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ kan tí mi ò retí. Ó ní òun tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ Knoxville. Bí orin yẹn ti parí, òun wá dé ẹ̀yìn trailer, òun rí mi tí mo di fóònù mú, òun sì padà. Ó ní nílé àwọn, bí ìyá àgbà èèyàn bá kú, wọn ò ní jẹ́ kó gbé báàgì ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun rò pé màá ní òun jẹ́ àlejò lásán, pé àwọn tí mo fẹ́ rí kọ́ ni òun.

Obìnrin yìí dúró sí ibi tí mo ti lè nawọ́ kàn án, èmi sì ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Texas.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo nǹkan wá dùn bí oyin. Tyler ti fi báǹdì sílẹ̀ báyìí, ó lọ sí Nashville, a ò jà. A tún ń wá oníjìtá. Ọjọ́ wà tí mo bá wo fọ́tò àtijọ́, àárò Denise á sọ mí bí òkúta. Mi ò tíì lè kọ orin bàtà yẹn níta. Ṣùgbọ́n ìyá Marisol ń di oúnjẹ fún wa bí a bá ń lọ tour, àgbàdo lílọ̀ pẹ̀lú ẹran, tí wọ́n fi háhá àgbàdo wé, ó jọ ẹ̀kọ, ó jọ mọ́ínmọ́ín. Mummy náà ń fi puff-puff ránṣẹ́ sí wọn. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, wọ́n sì máa ń kí ara wọn lórí fóònù títí data mi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé èèyàn lè máa ṣọ́ ojú ọ̀nà fún àwọn tó ti lọ, débi pé kò ní rí ẹni tó ti wọlé. Àwọn tó lọ ò ṣẹ̀ wá. Àwọn tó dé náà ò ṣẹ̀ wá. Bí nǹkan bá sì ń dùn yín, ẹ má sọ pé kò sí nǹkan, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn máa méfò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti dá wà rí láàárín èrò, yálà níbi iṣẹ́, ní school tàbí nílé ọkọ? Ta ló wá kan wíńdò yín, tàbí ta lẹ̀yin lọ kan tirẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kódà bó jẹ́ ìlà kan. Chattanooga là ń lọ lónìí, Marisol ló ń wakọ̀, gbogbo rẹ̀ ni màá kà sí i létí.